Ọjọ́ Tí Bàbá Kí-Nìdí Dá Ọmọ Odó Dúró

Kò tíì sí ẹni tó fi ẹnu lásán ba iyán jẹ́ rí ní Ìkẹ́rẹ́, àfi olóògbé Bàbá Ajíbádé, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí òkè Olósùnta. Bàbá Kí-Nìdí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í wádìí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn ará Emùré wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí Mojírádé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọjọ́ náà gan-an ló yàn.

Àwọn àlejò mẹ́fà ti jókòó ní pálọ̀. Alàgbà Dúrójayé, bàbá Rótìmí tó fẹ́ fẹ́ Mojírádé, ló ṣíwájú wọn, ó sì ti ká apá ẹ̀wù sókè de oúnjẹ. Lẹ́yìnkùlé, Gbémi àti Ọdúnayọ̀, ọmọ àbúrò Bàbá, ń gún iyán kìì, kìì. Màmá Christiana, ìyá Mojírádé, ní kí ọkọ òun lọ sọ fún wọn kí wọ́n ṣe kíá. Ẹ gbà mí o! Ta ní ń rán Bàbá Kí-Nìdí níṣẹ́ kíá?

“Ẹ dúró ná,” ni Bàbá wí fún àwọn ọmọ náà. “Kí lẹ̀ ń gún?”

“Uyán ni, Bàbá,” ni Gbémi dáhùn.

“Ẹ wo inú odó dáadáa. Uṣu ni mo rí níbẹ̀.”

“Ó máa tó di uyán.”

“Ìgbà wo gan-an? Tí ọmọ odó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó ti di uyán?”

“Rárá.”

“Lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ẹ sọ fún mi, ìgbà wo ni uṣu lọ, ìgbà wo ni uyán dé?”

Ọdúnayọ̀ gbé ọmọ odó lé èjìká, ó ń ronú. Ọlámilékan, bíríkìlà tó ń gbé lódìkejì, yọ orí lókè ògiri, ó ní ìgbà tí kókó bá tán ni. Bàbá bi í pé ṣé uyán tó bá ní kókó kì í wá ṣe uyán ni. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Màmá Christiana fi máa pariwo láti ìdí ọbẹ̀ pé, “Bàbá Mojí, uṣu ń tutù o!”, ó ti tutù tán. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé iṣu tó bá ti tutù sínú odó, bí ẹ gún un di ọ̀la, kókó ni yóò kún un.

Bí wọ́n ṣe gbé e fún àlejò nìyẹn. Alàgbà Dúrójayé bu òkèlè kan, ó fi run ọbẹ̀, ó dá ẹnu dúró. Ó yọ kókó kan jáde, ó rọra gbé e sí etí àwo. Ó bu òkèlè kejì, ó tún yọ òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ṣan ọwọ́.

“A dúpẹ́ o,” ló wí. “Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí wọn kò bá fẹ́ fún àna lọ́mọ, wọn kì í bú u. Uyán oníkókó ni wọ́n fi ń sọ fún un.”

Ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dìde, wọ́n wọ mọ́tò wọn. Àwọn èèyàn Bàbá ń dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé mọ́tò dé títì, àwọn àlejò kò dúró. Mojírádé jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ tuntun rẹ̀, ó ń sunkún. “Bàbá, ẹ ti lé ọkọ mi lọ. Nítorí ìbéèrè!” Bàbá wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ara rẹ̀. A ò rí irú rẹ̀ rí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọjọ́ yẹn nìkan ni. Tí o bá gbé ṣòkòtò lọ fún un pé kó bá ọ gé e kúrú, á wọn ẹsẹ̀ rẹ, á wo ilẹ̀, á ní, “Ṣé ṣòkòtò yìí ló gùn ni, àbí ìwọ lò ń yára parí?” Ọlámilékan fi ṣòkòtò Àjíǹde kan ránṣẹ́ sí i, Kérésìmesì ló wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì Mercy bi í lọ́jọ́ kan ní ilé ìwòsàn pé báwo ni ara. Ó ní, “Ara ti àárọ̀ ni àbí ti ìsinsìnyí? Nítorí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.” Mercy tó mú abẹ́rẹ́ dání ní, “Bàbá, apá lásán ni mo fẹ́. Ẹ mú apá wá.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Emùré kì í ṣe ẹ̀rín nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, Rótìmí kò lè wá, bàbá rẹ̀ ti fòfin dè é. Mojírádé kò kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, kò kí i lálẹ́. Màmá Christiana bá wọ ọkọ rẹ̀ ní agbádá, ó ní, “Emùré lẹ̀ ń lọ. ‘Ẹ jọ̀ọ́’ ni kí ẹ sọ. Ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ má wádìí àga.”

Ó gun ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Alàgbà, ọlọ́kadà ní, “Bàbá, a ti dé.” Bàbá ní, “Èmi ni mo dé. Ìwọ ò tíì dé, o ṣì ń padà lọ.” Ọlọ́kadà náà ló sọ ọ́ fún wa.

Ohun tí a mọ̀ ni pé òun àti Alàgbà wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Màmá Ọmọ́rìnsọ́lá, ìyá Rótìmí, fetí sí ẹnu ọ̀nà, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yé e. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú Alàgbà ti pọ́n. Ó ní kí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo wa ní Ìkẹ́rẹ́ pàtẹ́wọ́: Bàbá Kí-Nìdí ti fi ìbéèrè ṣẹ́gun àna rẹ̀!

Mojírádé kò pàtẹ́wọ́. Ó lọ́kọ, ó kó lọ sí Ìbàdàn, ó bí Ọ̀rẹ́olúwa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú rẹ̀. Tó bá pe ilé lọ́jọ́ Ìsinmi, á bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, á kí bàbá rẹ̀ ní gbólóhùn méjì. “Ìbéèrè ni bàbá mi fẹ́ràn,” ló máa ń wí. “Èmi kàn wà níbẹ̀ ni.” Bàbá gbọ́ ọ. Kò wádìí ìdí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, lásìkò òjò, Bàbá sùn lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kò jí mọ́. A sin ín dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, Alàgbà Dúrójayé pe Mojírádé sí abẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìn ilé.

“Bàbá rẹ ní n má sọ ọ́ nígbà tí òun bá wà láyé,” ló wí. “Ọjọ́ tó wá bá mi, mo bi í pé, ‘Ajíbádé, nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ yẹn?’ Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, ‘Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Bí mo ṣe gbọ́ dídún odó, mo mọ̀ pé tí ẹ bá jẹun tán, ẹ ó dìde, ọmọ mi á sì di tiyín. Ẹ̀rù bà mí. Mo kàn ń wá ohun tí n ó fi dá wọn dúró díẹ̀ ni. N ò mọ̀ pé ó máa bàjẹ́.’ Ló bá bú sẹ́kún. Èmi tí mo ti fi ọmọbìnrin mẹ́ta fọ́kọ, kí ni mo fẹ́ wí? Mo bá a sunkún.”

Mojírádé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí omi tó bọ́ lójú rẹ̀. “Bàbá mi! Háà, bàbá mi!” Màmá Christiana sáré jáde, ó ní kí ló dé.

“Màámi, èmi ni Bàbá fẹ́ràn.”

“Ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ ìwádìí ni?” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó jókòó tì í nílẹ̀ níbẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún lójú.