Ọ̀sẹ̀ Kan Lófuurufú, Ọ̀sẹ̀ Kan Nílé

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Joanna Akíntóyè jókòó sídìí tábìlì nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Dacula, nítòsí Atlanta. Ó ní, "Mummy, mo fẹ́ lọ máa wá ọkọ níbòmíràn."

Ìyá rẹ̀, Mojísọ́lá, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun. Níbo lo fẹ́ wá a lọ?"

"Ilé-iṣẹ́ bàálù àwọn olówó."

Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ohùn ló gbé e gba ibòmíràn. Wíwa ọkọ̀ ló ń wí, kì í ṣe wíwá ọkọ."

Mojísọ́lá mú ṣíbí wọn padà. "Mo ti fẹ́ máa pe pásítọ̀."

Atlanta ni wọ́n bí Joanna sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ohùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sójú kan. Bàálù kékeré ló ń wà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó èrò láti Atlanta lọ sí àwọn ìlú tí kò jìnnà, bíi Valdosta àti Chattanooga. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ló ń retí kí ilé-iṣẹ́ ńlá, tó ń fò kọjá òkun, pe àwọn. Joanna náà ń retí. Fóònù rẹ̀ ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń jẹ́, pé ara páílọ́ọ̀tì kan ò yá, kó máa bọ̀ kíá. Bí wọ́n ṣe pè é kúrò níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ náà lé ọwọ́ ni.

Bàbá rẹ̀, Ọládipúpọ̀, ló kọ́kọ́ fi bàálù hàn án. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀sì hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń wà, tí wọ́n fi ń kó àwọn páílọ́ọ̀tì lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Tí wọn ò bá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á gbé Joanna lọ síbi tí bàálù ti ń balẹ̀, bàbá àti ọmọ á jókòó sínú mọ́tò, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa wòran. Ní báyìí, ọ̀gá ni wọ́n ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Suwanee, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àwọn ni yóò gbé bàálù ńlá balẹ̀ sí Èkó.

"Bàálù àwọn olówó ti jẹ́?" ni wọ́n bi í.

"Daddy, ẹ rántí màlúù tí ẹ̀yin àti àwọn Uncle máa ń parapọ̀ rà, tí kálukú á gbé ìpín tiẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń ra bàálù yẹn nìyẹn. Ẹni tó bá ní ìpín á pè, a á sì gbé e lọ síbi tó bá fẹ́."

"Ta ló wá ń gbé orí?"

Joanna rẹ́rìn-ín. "Ilé-iṣẹ́ náà ló ń tọ́jú orí, Daddy. Ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ilé. Tí mo bá ti wà nílé, kò sẹ́ni tó lè pè mí."

"Ta ló ń gbé ẹrù àwọn olówó náà?"

"Àwa páílọ́ọ̀tì ni."

Ojú bàbá yí padà. "Dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Baba náà lè ti sùn kó tó pè é," ni Mojísọ́lá wí.

Joanna ò bá wọn jiyàn, nítorí ọkàn òun náà ò tíì balẹ̀. Tó bá kúrò lórí ìlà àwọn tó ń retí ilé-iṣẹ́ ńlá, kò lè padà síbi tó dúró sí mọ́. Ó kàn bẹ bàbá rẹ̀ kí wọ́n bá òun lọ wo Sururat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ bàálù, tó ti ń ṣiṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́rú, wọ́n lọ sí pápákọ̀ kékeré tó wà ní Chamblee. Bàbá wọ kóòtù, wọ́n so táì mọ́ ọn. Bàálù funfun kan balẹ̀, Sururat sì sọ̀kalẹ̀. Ó di bàbá arúgbó òyìnbó kan lọ́wọ́ mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kanlẹ̀, ó fún un ní ọ̀pá rẹ̀, ó lọ gbé àpótí rẹ̀ wá. Arúgbó náà sọ nǹkan kan, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Sururat wọlé padà, ó nu tábìlì, ó kó pàǹtírí jáde, kó tó wá kúnlẹ̀ kí bàbá Joanna.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí ni bàbá yẹn sọ?"

"Ó ní ìrìn àjò náà dùn mọ́ òun ju ohun tí dókítà fẹ́ sọ fún òun lọ, sà."

"Iṣẹ́ náà kì í rẹ̀ ọ́?"

"Ó ń rẹ̀ mí, sà. Mo lè jí ní Texas kí n sùn ní Maine. Ṣùgbọ́n tí ọ̀sẹ̀ mi bá ti parí, ó parí nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mò ń mú àwọn ọmọ mi lọ sílé kéú."

"Tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá pè ọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n pè mí lọ́dún tó kọjá, sà. Mo ní kí wọ́n má bínú, mi ò lọ."

Ó jẹ́ kí bàbá jókòó sí ìjókòó páílọ́ọ̀tì. Bàbá tún táì wọn ṣe, wọ́n ní kí Joanna ya fọ́tò, wọ́n tún ní kó yà á lápá kejì. Wọn ò fẹ́ dìde.

Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, bàbá ní, "Ẹrù àwọn páílọ́ọ̀tì ni mo gbé nígbà yẹn. Àwọn kan ò ní wojú mi. Mo bẹ Ọlọ́run pé ọmọ mi ò ní gbé ẹrù ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀, Daddy. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń rẹ́rìn-ín tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Gbogbo ìtàn àwọn èrò yín ni mo gbọ́."

Bàbá ronú sí i. "Òótọ́ ni. Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn gan-an." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Èyí tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn ni kí o ṣe."

Joanna gba iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ajá èrò kan bì sórí àga aláwọ ní Colorado. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ìyá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì kọ́ ọ ní ohun tó ń pa òórùn bẹ́ẹ̀. Kérésì tó kọjá bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Mojísọ́lá ní kò burú. Wọ́n sún oúnjẹ Kérésì síwájú di ọ̀sẹ̀ ilé rẹ̀, nígbà tí Joanna sì dé láti Montana, ìrẹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó lórí iná, bàbá rẹ̀ sì ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí èéfín lè jáde.