Ọjọ́ Tí Ìyàwó Mi Gba Tẹ́rápì Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ohun tójú mi rí nínú ilé mi fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù. Ẹ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ ṣá!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ AC ni Múfú ń ṣe. Mò ń gbé AC kọ́ ara ògiri ní Èjìgbò lọ́jọ́ kan ni àkàbà yọ̀, bí mo ṣe já lulẹ̀ gbàgà nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ní kí n lọ máa sinmi nílé.

Ilé wo? Yàrá wa ní Okota, òkè téńté! Àtẹ̀gùn yẹn, ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ pé gan-an á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ kó tó débẹ̀. Wọ́n gbé mi gòkè bí àpò sìmẹ́ńtì, mi ò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá kí mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n kó ọsàn wá, àwọn náà ni wọ́n sì fúnra wọn mu ún tán. Nígbà tó yá, ó di “get well” lórí WhatsApp. Nígbà tó tún yá, kò sí “get well” mọ́. Ìyàwó mi, Ìyá Ròfí, á ti lọ sí Òṣòdì níbi tó ti ń ta aṣọ ọmọdé, Ròfíà á ti lọ síléèwé. Ó wá ku èmi àti ògiri.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá fáànù sọ̀rọ̀? Màá ní, “Ìwọ náà, ṣé kò rẹ̀ ọ́ ni?” Lọ́jọ́ tí wọ́n mú iná lọ tí fáànù dákẹ́, àfi bíi pé ó ń yàn mí lódì. Omi bọ́ lójú mi. Àgbà ọkùnrin bíi tèmi!

Àbúrò mi obìnrin tó wà n'Ìbàdàn ló fura. Ó ní ohùn mi ò dáa. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ láti máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn, tí wọ́n sì ń ṣe é lórí fóònù, tẹ́rápì ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé ṣé ẹsẹ̀ mi ló kán ni àbí orí? Ó ní kí n ṣáà gbìyànjú ẹ̀ wò.

Nígbà tí obìnrin tí àbúrò mi bá mi wá, tí mo wá ń pè ní dókítà, kọ́kọ́ pè mí, mo jókòó ṣinṣin bí ẹni tó wá wáṣẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni nǹkan ṣe rí lára yín?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹsẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹsẹ̀ lòun ń béèrè.

Háà! Látìgbà tí mo ti ṣubú, ta ló béèrè nǹkan míì lọ́wọ́ mi? Ni gbogbo ẹ̀ bá ń tú jáde. Mo jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn, mo sì sùn.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ kan ṣoṣo tí mi ò gbà ni pé kí n máa rọra sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó láàárín èèyàn. Kí gbogbo àdúgbò wá máa wo Múfú tó ń fi ọ̀pá rìn? Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mi ò gbọ́ ohun tó sọ!

Mi ò jẹ́ kí Ìyá Ròfí mọ̀ o. Mo rò pé tó bá gbọ́, á ní orí mi ti dàrú, á kó ààfáà àti wòlíì wálé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá fi orúkọ obìnrin náà sórí fóònù báyìí: “Ìtura Mi.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló rán mi níṣẹ́?

Ẹ̀bá fèrèsé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dáa nílé wa. Bákónì tí Ìyá Tósìn, aládùúgbò wa, ti ń sá aṣọ ló sì wà níta fèrèsé yẹn. Ó gbọ́ tí mò ń sọ pé, “Tí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, ara mi máa ń balẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ irú èyí fún nínú ilé yìí.” Kí lẹ rò pé ó máa rò? Ó pe ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tiẹ̀ fi kún un pé ó dájú pé màmá olówó kan ni, torí “ẹ” ni mò ń sọ sí i!

Lọ́jọ́ kan, mò ń ṣàlàyé fún dókítà bí ọkàn mi ṣe máa ń wúwo láàárọ̀, ni ilẹ̀kùn bá ṣí gbà! Ìyá Ròfí! Ó já fóònù gbà, ó wo orúkọ tó wà níbẹ̀. “Ìtura kí ni? Ìtura ta ni?” Mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ dà?

Ó gbé e sétí. “Ẹ̀yin màmá yìí, ẹ ò tiẹ̀ lójú àánú! Ọkùnrin tí kò lè dá lọ sílé ìwẹ̀, èmi ni mò ń pọnmi tó fi ń wẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o! Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Mo pariwo pé, “Dókítà ọkàn ni! Tẹ́rápì ni mò ń ṣe!”

Ìyá Ròfí wò mí. “Ṣé ọkàn ń yọ yín lẹ́nu ni?” Mo mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Dókítà náà ò bínú. Mo gbọ́ tó rọra ń sọ pé, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Báwo ni gbogbo ẹ̀ ṣe rí lára yín?”

Ìyàwó mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó bú sẹ́kún. Ó ní gbogbo ẹni tó bá rí òun, ẹsẹ̀ ọkọ òun ni wọ́n ń béèrè. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ẹ̀rù máa ń ba òun, òun ò mọ ohun tóun máa bá lókè. Mo wo obìnrin yìí. Bẹ́ẹ̀dì kan la jọ ń sùn lé, kálukú wa sì ń dá wà!

Nígbà tó pẹ́, mo nawọ́ pé kó gbé fóònù fún mi, kí n parí ọ̀rọ̀ tèmi. Ó ní, “Bàbá Ròfí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta ná. Mò ń bá dókítà sọ̀rọ̀.”

Wọ́n lé mi jáde nínú tẹ́rápì mi! Mo bọ́ síta, mo bá Ìyá Tósìn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú tì mí, mo forí lé àtẹ̀gùn. Mo jókòó lé e, mò ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn.

Bí mo ṣe yọ nísàlẹ̀, àwọn tó ń ta dráfùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọganáísà pariwo. “Múfú! A rò pé o ti padà sí Ìkìrun ni!” Wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n bu ẹ̀pà fún mi. Wọ́n jẹ mí nínú dráfùtù, wọ́n sì bú mi dáadáa. Ẹ wo bínú mi ṣe dùn! Mi ò tíì fẹ́ dìde nígbà tí Ìyá Ròfí yọrí látòkè pé, “Dókítà ní kí n kí yín o! A ti parí!”

Ní báyìí, oníkálukú ló lọ́jọ́ tiẹ̀. Tó bá ti di ti ìyàwó mi, ìsàlẹ̀ lẹ máa bá mi. Ẹsẹ̀ ò tíì jiná tán, àmọ́ ọkàn ti fúyẹ́. Ìyá Tósìn náà ti wá gba nọ́ńbà dókítà. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló fẹ́ ẹ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí ara bá ń dun èèyàn, ọkàn náà lè máa dùn ún, kò sì sí ìtìjú nínú kéèyàn wá ẹni tó máa gbọ́ ọ, kódà kó jẹ́ lórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá sì lọ kí aláìsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè àlàáfíà ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló bi yín kẹ́yìn pé báwo lẹ ṣe wà, tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Tí kò bá sẹ́nì kankan, ẹ kọ ìyẹn náà. Èmi á bi yín.