Ẹyin Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹyin ló máa ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ejò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo bá rí ejò lọ́nà oko, màá sá, ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ẹyin nínú ìtẹ́, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo máa ń kó sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fọwọ́ kàn án. Ìyá tó bí ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní abúlé wa lọ́nà Tatonnonkon. Ó ti sọ fún mi láti ìgbà tí mo ti ń rákòrò pé ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin, olè ni yóò dà. Lónìí yóò jẹ èyí tí wọ́n fún un, lọ́la yóò jẹ èyí tí wọn kò fún un, lọ́túnla nídìí ìtẹ́ adìyẹ aládùúgbò ni wọn yóò ti mú un. Ẹyin wà fún ìsàba, ó wà fún òrìṣà, ó sì wà fún àgbà. Ti ọmọdé kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ìyá mi àgbà burú o. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí, mo sì lè sọ ọ́ lójú gbogbo ọmọ tí mo bí. Òun nìkan ló ń dáko tí a ń jẹ. Kí ojúmọ́ tó mọ́, ó ti gbé ọkọ́ lọ. Bí ẹ̀kọ bá ṣẹ́ kù láti alẹ́, yóò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi nínú ewé. Bí kò bá sí, omi ni mo máa ń mu kí n tó kọjú sọ́nà ilé ìwé. Ẹ sì mọ ilẹ̀ dúdú wa yìí. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, á dì mọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn bí ẹni tó wọ bàtà méjì lórí ara wọn. Kí n tó dé ilé ìwé, agbára tí mo fẹ́ fi kàwé ti tán sí ojú ọ̀nà. Bí oòrùn bá sì ti gòkè díẹ̀, oorun á gbé mi, orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kan tábìlì.

Olùkọ́ tí wọ́n gbé wá fún wa ní ọdún náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlú àwọn Ègùn. Mẹ̀tírì ni gbogbo wa ń pè é. Yorùbá rẹ̀ máa ń ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bí igi gbígbẹ, ṣùgbọ́n kò tijú, ó ń sọ ọ́ lọ ni. Àwọn tó wà ṣáájú rẹ̀, bí ọmọ bá sùn ní kíláàsì, pàṣán ni wọ́n fi ń jí i. Òun kò nà wá. Ó ń wò wá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ló wá bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí la jẹ kí a tó jáde nílé. Èmi ní iyán ni mo jẹ. Ó wo ọrùn mi, ó wo apá mi, ó ní, “Iyán náà dà?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi lé ròrò sí mi lójú.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ìwé wa ti yí padà. Mẹ̀tírì pe àwọn òbí jọ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ohun tó bá ní wá: abọ́ ẹ̀wà kan, epo díẹ̀, igi ìdáná, abo adìyẹ. Àwọn ìyá ń sè é fún wa ní àsìkò ìsinmi, wọ́n ń gba ọjọ́ fún ara wọn. A gbin tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀fọ́ gbọ̀má sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹsẹ̀ wa la fi wọn gbogbo ebè rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gígùn àti ìbú. Ìṣirò náà kúrò lórí ìjókòó. Ó fi eérú fa ilà sílẹ̀, a ń fò ó ní méjì-méjì, a ń kà á sókè bí a ti ń fò. Ẹni tó bá ṣì í kà, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń kọjá lọ sí oko á dúró wò wá, wọ́n á ní, “Ṣé eré la rán wọn wá ṣe ni?” Eré ni, ìwé náà sì ni. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ ṣe ìṣirò ọjà, ẹsẹ̀ mi á máa mì lábẹ́ aṣọ.

Ibi tí wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé adìyẹ. Nígbà tí àwọn adìyẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yé, Mẹ̀tírì ní ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì wa tó kéré jù yóò máa gba ẹyin sísè kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan bẹ̀rù bíi tèmi, àmọ́ òórùn ẹyin tètè borí ẹ̀rù wọn. Èmi kò lè jẹ ẹ́. N kò sì lè kọ̀ ọ́, nítorí bí mo bá kọ̀, wọn yóò bi mí ní ìdí, ọ̀rọ̀ yóò dé ilé, ìyá mi àgbà yóò sì gbọ́ pé ẹyin ni wọ́n ń fún ọmọdé ní ilé ìwé. Mo mọ ohun tí yóò ṣe. Igi ìdáná ló ń fi rán mi, kò wá sí ìpàdé náà, kò mọ nǹkan kan nípa ẹyin. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti fún mi ní tèmi, màá yọ́ lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, màá gbẹ́lẹ̀, màá sin ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ebi ń pa mí, mo sì ń sin oúnjẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ńlá ká wa mọ́ kíláàsì. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ dé ẹ̀yìn ọgbà. Mo ká ẹyin náà mọ́ etí aṣọ mi, mo ní màá sin ín lọ́nà, àmọ́ ẹrẹ̀ àti àgbàrá òjò kò jẹ́ kí n dúró níbì kankan. Mo délé, aṣọ tutù mọ́ mi lára, mo ń gbọ̀n. Ìyá mi àgbà ti dé láti oko, ó sáré bọ́ aṣọ lára mi kí òtútù má baà mú mi. Bí ó ti gbọn aṣọ náà báyìí, ẹyin já bọ́, ó yí lọ sẹ́bàá ààrò.

Kò nà mí. Ìbá nà mí, ọkàn mi ìbá balẹ̀. Ó kàn jókòó ni, ó ń wo ẹyin náà, ó ní, “Ó ti dé.” Mo sọ fún un pé wọ́n fún mi ni. Ó ní ta ló máa ń fún ọmọdé ní ẹyin, ṣé orí òun ti dàrú lójú mi ni? Èmi tí mo ń sá fún ẹyin kí n má baà di olè, ẹyin náà ló wá sọ mí di olè lójú ẹni tó fẹ́ràn mi jù. Ẹkún ni mo fi sùn, n kò jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò lọ sí oko. Ó fà mí lọ́wọ́ títí dé ilé ìwé, ó gbé ẹyin náà ka iwájú Mẹ̀tírì.

“Mẹ̀tírì, ẹ wo ohun tí ọmọ yín jí gbé.”

“Ìyá, kò jí i. Èmi ni mo fún un.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. “Ẹ̀yin lẹ fún un? Ọmọ kan ṣoṣo tí ọmọ mi fi sílẹ̀ fún mi, ẹ fẹ́ kọ́ ọ lólè? Ó tó. Kò wá síbí mọ́. Ọkọ́ wà nílé.”

Ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mẹ̀tírì kò bá a jiyàn, ó kàn gbé ìjókòó fún un pé kí ó fara balẹ̀ mí ná. Àwọn yòókù ti tò sórí ilà eérú, mo bá sáré lọ tò tèmi náà. Mo rò pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn, mo fẹ́ fò ó dáadáa. Mo fo méjì, mo fo mẹ́rin, mo fo mẹ́fà. Nígbà tí mo fẹ́ fo mẹ́jọ, ojú mi ṣókùnkùn. Orí itan ìyá mi àgbà ni mo jí sí, ó ń fi omi ra ojú mi, àwọn tó ń jẹ ẹyin ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ń fò lọ lẹ́yìn rẹ̀ bí tata inú pápá.

Ìgbà yẹn ni Mẹ̀tírì sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyá, ilé adìyẹ yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọmọ yìí ló ń kó ẹyin wá fún mi láràárọ̀. Gbogbo wọn ló ti mọ adùn rẹ̀.”

Ìyá mi àgbà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ẹnu lásán yí lérò padà. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kò burú, òun yóò fi ojú ara òun rí i. Láti ọjọ́ ọjà yìí sí ọjọ́ ọjà mìíràn, òun yóò máa jókòó ti ilé adìyẹ náà. Bí ẹyin ẹyọ kan bá dín, òun yóò mú ọmọ òun lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bẹ òun.

Ó jókòó lóòótọ́. Ó gbé àpótí rẹ̀ wá láti ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí lórí itan, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwa ọmọ. Nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ọjọ́ ọjà kejì pé, ẹyin dín. Adìyẹ aláwọ̀ funfun tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ, ìtẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyá mi àgbà ka àwọn yòókù lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àpótí rẹ̀ lé orí, ó na ọwọ́ sí mi. Mo di àpò ìwé mi mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.

A kò tíì kọjá igi máńgòrò nígbà tí a gbọ́ ariwo lẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan tó ya pòkíì jù ní kíláàsì wa, tí kò sí ìjà tí kò bá wọn jà, òun ló ń sáré bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹyin kan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Adìyẹ náà ti lọ yé e sínú gbọ̀má, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Ìbá gbé e mì, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ wò ó, ẹ má mú un lọ.”

Ìyá mi àgbà sọ àpótí kalẹ̀. Ó wo ọmọ náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ níbẹ̀, láàárín ọ̀nà, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló wá sè é. Ó bó ẹyin tèmi, ó pín in sí méjì, ó fi ìdajì sí mi lẹ́nu. Ó ní, “Jẹ ẹ́. Bí o bá jalè, èmi ni mo jalè.” Ó wá ju ìdajì kejì sẹ́nu ara rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ti bí ọmọ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fún òun ní ẹyin jẹ.

Mo parí ilé ìwé náà. Èmi ni gbogbo abúlé máa ń wá bá kí n bá wọn ka lẹ́tà. N kò sì jí ohun olóhun rí, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ ka ọkàn baba yín mọ́ ọn.

Ayé ti yí. Lónìí, níhìn-ín ní Adja-Ouèrè, ẹni tó bá sọ fún ọmọ pé ẹyin ń sọni di olè, ọmọ náà á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kántíìnì wà ní ilé ìwé àwọn ọmọ-ọmọ mi, wọ́n ní ọgbà ẹ̀fọ́, olùkọ́ wọn obìnrin sì ń mú wọn jó láàárín ẹ̀kọ́. Inú mi ń dùn. Àmọ́ wọ́n ti ń fi alùpùpù gbé ọmọ lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé wa lọ, bísíkíìtì àti omi aládùn aláwọ̀ pupa sì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ju ẹ̀wà lọ. Ohun tí ebi ṣe wá, ẹ má jẹ́ kí ṣúgà ṣe wọ́n. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ bá wọn dáná, bí mo ti ń fi ọ̀pá rìn yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a pín ẹyin. Mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ká tirẹ̀ mọ́ etí aṣọ. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í ní ìdí. Ó ní àbúrò òun ló wà nílé, òun fẹ́ mú un lọ fún un. Mo bó ẹyin náà, mo pín in sí méjì, mo di ìdajì kan sínú ewé fún àbúrò rẹ̀. Mo fi ìdajì kejì sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ sì já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ní, “Jẹ ẹ́. Bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀, èmi ni mo jẹ̀bi.”

Ọmọ náà ń jẹ, ó ń wò mí. Kò mọ ẹni tó ń gba ẹnu mi bá òun sọ̀rọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n.