Púpurú Ló Dínkù

Lọ́dún kejì tí owó epo bẹntiróò fò sókè, tí àwọn ọlọ́kadà Òkìtìpupa ń gba iye tí takisí ń gbà tẹ́lẹ̀, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní oko rọ́bà kan lójú ọ̀nà Ìlútítun. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí a ti parí ìjà, n kò sì fẹ́ tún un dá sílẹ̀ lórí ìwé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́, tí ẹ rò pé ariwo nìkan ni a fi ń gba ẹ̀tọ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Púpurú ni a fi gba tiwa.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé àdéhùn wa pé lọ́dọọdún, owó oṣù wa yóò máa gòkè níwọ̀n tí ìwé ìjọba bá sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà fi gòkè. Èmi ni mo dá a lábàá. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú, ṣe ni mò ń yan fanda káàkiri oko, mo rò pé mo ti gbọ́n ju àwọn ọ̀gá lọ.

Nígbà tí ọdún wá yípo, máníjà pe àwa aṣojú ẹgbẹ́ márùn-ún sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ará Ìbàdàn, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń funfun báláú nínú ẹrẹ̀ oko. Ó ka ìwé ìjọba sí wa létí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹ bá mi yọ̀ o. Ọ̀wọ́ngógó ti dínkù.”

Ìyá Wùmí ló kọ́kọ́ lanu. Opó ni, ọmọ mẹ́rin ló bí, òun ló sì mọ igi rọ́bà há jù lọ nínú wa, tí oje á máa sun láìpa igi lára. “Ó dínkù níbo, sà?”

“Màmá, kì í ṣe pé nǹkan ti dínwó. Ó kàn jẹ́ pé kò sáré gòkè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.”

“Ó ṣì ń gòkè nìyẹn?”

“Díẹ̀díẹ̀.”

“Ẹ sì ń pè é ní dínkù? Ẹ gbà mí o!”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Àfikún tó fẹ́ fún wa kò tó nǹkan kan. Nígbà tí a jáde, Ìyá Wùmí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni àwọn ọmọ òun ń jẹun báyìí. Ó ní bí àfikún gidi kò bá wọlé lóṣù náà, òun yóò kó wọn fún ìyá òun, òun yóò lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ l’Ékòó. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Obìnrin yẹn kò sunkún, ó kàn ń wo ẹnu mi. Èmi tí mo kọ gbólóhùn burúkú yẹn!

Mo padà wọlé tọ máníjà lọ, inú ń bí mi. Mo ní irọ́ ni ìwé yẹn. Ó ní, “Ẹ mú ìwé tiyín náà wá, Ìyá Akọ̀wé. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan.”

A gbéra. A gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Òkìtìpupa, a lọ sí Ìlútítun, a lọ sí Àyèká. Gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ ń jẹ àti èyí tó ń lò, a béèrè iye rẹ̀, a sì wo iye tó jẹ́ lọ́dún tó ṣáájú nínú ìwé kékeré tí mo fi ń ṣe ètò ilé mi. Búrẹ́dì, ẹyọ kan. Ọṣẹ, ẹyọ kan. Ẹja yíyan, ẹyọ kan. Púpurú, ẹyọ kan. Púpurú yìí gan-an ni oúnjẹ wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀: ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a mọ ní róbótó, tí a sì yan lórí èéfín títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ kò tíì yó.

Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, orí mi fò lọ. Púpurú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní iye tó wà. Ọṣẹ gòkè díẹ̀. Ìwé tiwa sún mọ́ tìjọba débi pé ẹni tó bá rí i yóò rò pé a jọ jókòó kọ ọ́ ni. Mo tún un rò lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú tì mí dé eegun. Ṣé irọ́ ni ebi tó ń pa wá?

Mo gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Àyèká, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé. Ìyá Àdúrà ni ní ìjọ aláṣọ funfun tí a ń lọ, mo sì fẹ́ kó gbàdúrà fún mi. Ìdí iná ni mo bá a. Mo ka ìwé náà sí i létí pẹ̀lú ẹkún.

“Púpurú, ẹyọ kan,” ni mo ń kà lọ.

“Dúró ná, ìyàwó. Ẹyọ kan èwo?”

“Ẹyọ kan náà ni, Yèyé. Irú èyí.” Mo yọ èyí tí mo rà lọ́jà Àyèká níbẹ̀ jáde nínú báàgì.

Yèyé wò ó, ó pòṣé. Ó na ọwọ́ sókè, sórí pẹpẹ tó wà lókè iná, ó sì gbé púpurú kan sọ̀ kalẹ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní láti ọdún tó kọjá lòun ti rà á, òun ń tọ́jú rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí kò bá sí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Háà! Tèmi dà bí ọmọ rẹ̀.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé,” ni Yèyé wí. “Ẹ béèrè iye, ẹ ò wo ohun tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́.”

Mo sọ ẹkún di ẹ̀rín. Mo fẹ́ gba púpurú náà lọ, ó kọ̀. Ó ní bí púpurú òun bá ń lọ sí ọ́fíìsì, òun náà ń lọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbogbo òṣìṣẹ́ fi ọ̀bẹ tí a fi ń há rọ́bà sílẹ̀, wọ́n péjọ sí ẹnu gééètì, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Àwa márùn-ún pẹ̀lú Yèyé ló wọlé. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó fi gèlè funfun di púpurú. Máníjà ka ìwé wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá Akọ̀wé, ẹ̀yin àti ìjọba bára mu o.”

“A bára mu, sà,” ni mo wí. “Àwa àti wọn la jọ ṣe àṣìṣe kan náà.”

Yèyé tú gèlè, ó gbé púpurú méjèèjì lé orí tábìlì.

“Màmá, kí lèyí?”

“Ẹyọ kan ti ọdún tó kọjá rèé, ọmọ mi. Èyí náà, ẹyọ kan ti ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Iye kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Èwo lo fẹ́ kí ìyàwó rẹ rò fún ọ?”

Máníjà ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀kan ti pẹ́. Yèyé ní kó fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án, èéfín ọdún gbọọrọ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò mọ̀gbà tó fi nù ún mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ìyá Wùmí fọwọ́ bo ẹnu.

Mo ní kí wọ́n gbé ìwọ̀n wá, ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wọn oje rọ́bà wa, tí wọ́n máa ń búra pé kì í purọ́. Wọ́n gbé e wá. Púpurú àtijọ́ wúwo ju ìlọ́po méjì tuntun lọ. Máníjà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní bóyá ìyàtọ̀ ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n ni.

“Obìnrin kan náà ló mọ méjèèjì, ní ọjà wa l’Áyèká,” ni Yèyé wí. “Lọ bi í. Yóò sọ fún ọ pé bí òun bá fi owó lé e, kò sẹ́ni tó máa rà á, ni òun fi gé e kù. Àti pé èyí ti ń gbẹ lórí iná láti ọjọ́ yìí, ó sì tún ju tuntun lọ!”

Ibẹ̀ ni Ìyá Wùmí ti dìde. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹnu gééètì gbọ́: “Kì í ṣe ọ̀wọ́ngógó ló dínkù, sà! Púpurú ló dínkù!”

Ìta gbà á. Wọ́n sọ ọ́ dorin lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń fi ike oje rọ́bà lù ú. Púpurú ló dínkù, búrẹ́dì ló dínkù, ọṣẹ ló dínkù. Máníjà wọ yàrá kejì lọ fi fóònù pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ l’Ékòó. Orin kò dáwọ́ dúró. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n buwọ́ lu àfikún tí a béèrè, gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n sì pa gbólóhùn mi rẹ́. Láti ọdún náà, àwọn àti àwa la jọ ń gbé ìwọ̀n lọ sọ́jà.

Máníjà fẹ́ gba púpurú náà pa mọ́ sí fáìlì. Yèyé ní, “O ò rà á.” Ní ẹnu gééètì níbẹ̀ la ti há èéfín ara rẹ̀ kúrò, a gún un, a kù ú, a rò ó, Ìyá Wùmí ló sì kọ́kọ́ bù. Kò lọ sí Èkó. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti ń lọ síléèwé báyìí.

Mi ò ní tan yín, a kò ṣẹ́gun tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kò sí nínú àdéhùn yẹn, gbèsè wọn ṣì wà lọ́rùn wa. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tí ebi ti lé lọ sí Èkó ṣáájú ìjà kò tíì padà. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì rí ẹni tó máa gbé ìwọ̀n dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ìwé ìjọba. Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ẹ̀rí wa la jẹ lọ́jọ́ náà, a jẹ ẹ́ tán, a lá ọwọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá wá sílé mi, ẹ gbójú sókè wo pẹpẹ tó wà lókè iná. Púpurú kan wà níbẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọdún sí i lára. Bí ebi ti wù kó pa yín tó, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Máníjà tuntun ti dé, ó sì ti ń wí pé nǹkan ti dínkù.