Tanwíjí Pupa Inú Adágún Thamesmead

Bí ooru bá ti mú báyìí, kòkòrò tó jọ ẹ̀fọn a máa rọ́ sókè adágún iwájú ilé wa ní Thamesmead bí èéfín. Èmi tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lọ́mọdé ní Ṣómólú, mo máa ń ti fèrèsé pa, mo máa ń fín oògùn títí a ó fi máa wúkọ́.

Ọmọbìnrin mi, tó ń kọ́ nípa ẹ̀dá inú omi ní yunifásítì, ló gba agolo oògùn náà lọ́wọ́ mi.

"Mọ́mì, wọn kì í jẹ èèyàn. Wá, jẹ́ kí n fi hàn ẹ́."

London ni wọ́n bí i sí; "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fágbà kì í sábà jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e.

Ó ki àwọ̀n bọ ẹrẹ̀ etí adágún, ó da ohun tó gbé jáde sínú abọ́ funfun. N ò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, okùn tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ó ń nà. Tanwíjí kòkòrò wọ̀nyẹn ni, ó pupa fòò.

"Kí ló dé tó pupa báyìí?"

"Hẹmoglóbíìnì ni, Mọ́mì, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Bíi tiwa."

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn sínú ìgò. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko tútù, mo ń wò ó.

Ó ní nínú ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ̀jẹ̀ yẹn ló fi ń di ìwọ̀nba tó bá rí mú, ìdí nìyẹn tó fi ń yè nínú omi ìdọ̀tí. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà tí wọn ò lè fara da ìdọ̀tí rárá. Ẹni tó bá mọ irú èyí tó wà nínú omi, ó mọ bí ara omi náà ṣe le sí.

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀?"

"Eyín wọn."

Nílé, ó fi orí ọ̀kan sábẹ́ maikirosíkóòpù. Eyín tò bíi ti ayùn, àmọ́ méjì ti wọ́.

"Oró inú ẹrẹ̀ lè ṣe é bẹ́ẹ̀," ló wí.

Èmi tí mo ń wo ahọ́n àti ojú aláìsàn kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é, mo wá ń wo àìsàn adágún lẹ́nu kòkòrò tí kò tó hóró ìrẹsì. Ìrẹsì wa gan-an jóná lórí iná, a ò gbọ́ òórùn rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo gbé àwọ̀n. A rìn kọjá Tavy Bridge, a rí òmíràn tó ní àwọ̀ ewé, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara. Mo rí oúnjẹ tó ń rìn nínú ikùn rẹ̀. Mo rọra dà á padà sínú omi.