Okùn Tí Wọn Ò Ta Ní Kókó

Inú ihò máa ń rùn bí aṣọ tí ò gbẹ dáadáa. Òórùn yẹn ni mo fi ń rántí ọdún tí àwa ọmọ Yorùbá mẹ́rin ní Toronto pinnu pé a máa dé ìsàlẹ̀ ihò tó jìn jù láyé, èyí tí àwọn èèyàn máa ń sùn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀. Ibi tó jìn jù tí èmi tíì dé nígbà náà ni yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí mo háyà ní North York.

Ọ̀gá wa ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báǹkì, Uncle ni gbogbo wa ń pè é. Ihò kan péré ló tíì wọ̀ rí, síbẹ̀ ó ti tẹ káàdì tí wọ́n kọ “Olùṣàwárí Àgbáyé” sí, pásítọ̀ sì ti gbàdúrà lé okùn lórí. Èmi nìkan ni mo lọ kọ́ṣẹ́ okùn ní yunifásítì. Mo ka ara mi sí akọni.

Láàárọ̀ Sátidé kan, a wakọ̀ kọjá Georgetown lọ dánra wò níbi ihò kan tí ẹnu rẹ̀ dà bíi kànga. Uncle so okùn mọ́ igi, ó jù ú sísàlẹ̀. Mo rí i pé kò ta kókó sí ìdí rẹ̀. Kókó yẹn ló máa ń dá èèyàn dúró bí okùn bá tán kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀.

“Uncle, ẹ má bínú, sà. Ìdí okùn yẹn ńkọ́?”

“Kí ló ṣe é?”

“Bóyá ká ta á ní kókó, sà.”

Ó yíjú sí àwọn méjì yòókù. “Ẹ wo pùròfẹ́sọ̀. Nígbà tí mo ń gun àgbọn ní Badagry, ṣé wọ́n ti bí ẹ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. “Wọn ò tíì bí mi, sà.” Mo tún bá a di bẹ́líìtì rẹ̀.

Uncle ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. A ń gbọ́ tí okùn ń ha irin ara bẹ́líìtì rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Lójijì, okùn náà dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró kan nísàlẹ̀, kò tiẹ̀ pariwo.

Ó pẹ́ kí àwọn panápaná tó gbé òkú rẹ̀ jáde. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní Etobicoke, bi wá pé, “Ṣé kò sẹ́ni tó rí i pé nǹkan ò dáa ni?”

“A ò rí i, mà,” ni mo fèsì. Wọ́n kọ́ àwọn méjì yòókù náà dáadáa nílé: ẹnì kankan nínú wọn ò já mi nírọ́.

Mi ò wọ ihò mọ́. Olùkọ́ ni mí báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ń tọ́ka àṣìṣe mi lójú gbogbo kíláàsì láìwo ọjọ́ orí. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó Uncle ṣì máa ń fà mí lọ́wọ́ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. “Ẹ kí bọ̀dá yín. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún dádì yín títí dé ìgbẹ̀yìn.”

Òótọ́ ni. Mi ò tíì sọ fún un bó ṣe jẹ́ òótọ́ tó.