Ọdún Tí Wọ́n Tò Kúrò Lẹ́yìn Ààrẹ

Inú tó bí mi lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Ràfíù kéde pé títò ni a ó fi dìbò, inú yẹn náà ló ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ilé ìdiẹrù wa ní Al Quoz ní Dubai la wà, láàárín àwọn béèlì tí a ti dì sílẹ̀ tí olówó wọn kò wá gbé. Ẹ̀gbọ́n Ràfíù ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó ń ṣòwò ní Deira, ó sì ń wá sáà kejì. Ó ní a ò nílò ìwé ìdìbò. Kí oníkálùkù jáde sí gbangba, kí ó tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nílé ní Nàìjíríà láìpẹ́ sígbà náà.

“Délé,” ó ní, “nínú àwọn ọmọ yìí, ta ló máa wojú mi, táá wá kọ ẹ̀yìn sí mi? Who born am?”

Ọ̀gá mi ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́.

Adiẹrù ni mí. Àwọn oníṣòwò á wá láti Èkó, wọ́n á ra aṣọ, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì àti bàtà ní Deira, wọ́n á kó o wá bá wa, àwa á dì í ní béèlì kó tó lọ sí Jebel Ali lọ wọ ọkọ̀ òkun. Àwọn èèyàn rò pé kí á ṣáà ki ọjà bọ àpò ni. Rárá o. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá wa. Orí ẹrù la máa ń gùn, à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ á fi tán nínú ẹ̀, ká tó fi abẹ́rẹ́ ńlá gán ẹnu àpò. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́kù, ooru inú kọntéénà á mú un wú, ojú rírán á bẹ́, ọjà olọ́jà á sì tú dà sílẹ̀ kó tó dé Èkó. Béèlì àkọ́kọ́ tí mo dì, Ẹ̀gbọ́n fò lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bẹ́ pàù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. “Irọ́ lo dì yìí, Délé. Yalla, ó yá, tú u.”

Ọ̀rọ̀ ìbò yẹn kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó bá jẹ́ ààrẹ ló ń darí ilé ìdiẹrù, ẹni tí ààrẹ bá sì mú lọ bá Lárúbáwá tó ni ilé náà ni Lárúbáwá ń ṣe visa fún. Bí Ẹ̀gbọ́n bá já bọ́, visa mi já bọ́ nìyẹn. Kò ní sí iṣẹ́, kò ní sí bedspace, ibùsùn kan ṣoṣo tí mò ń háyà ní Sharjah, àwọn ọmọ mi tó wà nílé ìwé ní Ìbàdàn á sì wá jókòó sílé. Nítorí náà, bí mo ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó wọlé, ara mi ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọjà ò sì tà mọ́. Náírà ti wó débi pé ẹni tó máa ń fi ẹrù kún yàrá tẹ́lẹ̀ ti ń fọwọ́ gbé tirẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ará Íńdíà oníṣọ́ọ̀bù tó máa ń fa obìnrin lápá, “Mama, come, last price!”, ti wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn lé eṣinṣin. Ká sòótọ́, kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n ló ba náírà jẹ́, àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba nílé ni. Ṣùgbọ́n òun náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ kó o. Nígbà tó kọ́kọ́ wọlé, ọjà ń yá wàràwàrà, kò sì sí ìpàdé tí kì í ti í yọ àyà síta: “Ẹ rí i bó ṣe rí látìgbà tí mo dé? Orí mi ló fà á.” A ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó ní òun lòun rọ òjò, ta ni wọ́n fẹ́ kí á bi nígbà tí ọ̀dá dé? Bí ọjà bá ń tà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè irú èèyàn tí ààrẹ jẹ́. Bí kò bá tà, àní ẹni tí kò wá sípàdé rí á mọ orúkọ ẹ̀.

Ẹni tó bá a du ipò ni Gbóyèga, ọmọkùnrin kan tó ń ra tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní: “Ẹ yàn mí, ọjà á tà.” Bí yóò ṣe tà, kò sọ, ẹnikẹ́ni ò sì bi í. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn bèèrè irú ìyẹn.

Èmi ni mo bá Ẹ̀gbọ́n kiri Deira láti tọrọ ìbò. Ibi tí a bá dé, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ti gbìyànjú o! Ẹ ti gbìyànjú!” Orí Ẹ̀gbọ́n á wú. Nígbà tí a jókòó sínú abra, ọkọ̀ ojú omi kékeré, pé ká sọdá omi, ó fi ọwọ́ gbá mi lórúnkún.

“O gbọ́ wọn? Landslide nìyẹn.”

“Ẹ̀gbọ́n, ‘ẹ ti gbìyànjú’ ni wọ́n ń sọ o.”

“Èwo ló burú níbẹ̀? Àbí èèbú ni?”

Kì í ṣe èèbú. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn? A lè fi í dúpẹ́, a sì lè fi í sin èèyàn jáde láìrí i fín. Bí wọ́n bá ní ẹ ti gbìyànjú, tí wọn ò sì fi “ẹ máa bá a lọ” tì í, ó yẹ kí àgbà wá bàtà ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Délé, you too dey fear. Ẹni tó kúnlẹ̀ fún mi láàárọ̀, ṣé ó lè kọ ẹ̀yìn sí mi lọ́sàn-án? Khalas, ó tó, má bà mí lọ́kàn jẹ́.”

Lọ́jọ́ ìbò, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a pé jọ sí àgbàlá ilé ìdiẹrù. Oòrùn ń jó ni lórí. Ẹ̀gbọ́n wọ agbádá funfun, ó dúró lápá kan. Gbóyèga dúró lápá kejì pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ká tò. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo èrò lọ. Kálukú ń wojú ẹnì kejì, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n rí òun ní ọ̀hún. Mo ní, ah, àgbà yìí gbọ́n jù mí lọ. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí takisí gbé Ìyá Àdùkẹ́ dé. Obìnrin yìí ń ta bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì l’Ékòó, òun ló sì ti ń ná Dubai ṣáájú gbogbo wa. Nígbà tí ẹrù rẹ̀ sọnù lọ́dún kan, Ẹ̀gbọ́n Ràfíù ló ń lọ tó ń bọ̀ ní Jebel Ali títí tó fi rí i. Ìyá náà rọra rìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àgbà ni ìyá jẹ́ sí i, ni Ẹ̀gbọ́n bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá funfun yẹn. Ìyá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

“Ràfíù, àbúrò mi. O ti gbìyànjú. Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ó tó, lọ sinmi.”

Ló bá yí padà, ó rìn lọ sẹ́yìn Gbóyèga.

Àwọn tó kéré sí Ẹ̀gbọ́n nìkan ló fi ṣe gbogbo ìṣirò ẹ̀. Kò rántí pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè pè é ní Ràfíù. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, “Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé Màmá,” ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Wọn ò kọ ẹ̀yìn sí àgbà mọ́, àgbà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ojú ò ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fi máa dìde tó gbọn iyanrìn kúrò lára, èmi àti àwọn adiẹrù ẹlẹgbẹ́ mi nìkan ló kù lẹ́yìn ẹ̀.

“Àwọn yòókù dà?” ó bi mí.

“Wọ́n ti lọ, Ẹ̀gbọ́n.”

Gbóyèga kó àwọn ìbátan rẹ̀ sí ilé ìdiẹrù. Wọ́n ní kí n máa palẹ̀ mọ́, visa mi ti parí. Ẹ̀gbọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé, ìwọ̀nba èèyàn ló sì sìn ín. Náírà ò gbọ́ pé a ti yí ààrẹ padà, ńṣe ló tún ń wó sí i. Nígbà tí wọ́n bi Gbóyèga nípàdé pé ọjà tó ní yóò tà ńkọ́, ó ní, “Ṣé èmi ni mò ń tẹ náírà ni?” Gbogbo wọn dákẹ́. Ká ní Ẹ̀gbọ́n ló sọ irú ẹ̀ ni, wọn ì bá hó lé e lórí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n lọ, Ìyá Àdùkẹ́ wá bá mi ní Sharjah. Ó kó bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì kún ẹ̀yìn mọ́tò. Àwọn adiẹrù tuntun ti dì í, ó sì ti bẹ́ kó tó kúrò ní Al Quoz.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi tún un dì.”

Mo fẹ́ lé e. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ kì í lè wo iṣẹ́ tó bàjẹ́ níran. Mo gun ẹrù náà, mo tẹ̀ ẹ́, ìbínú sì jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ibi tí mo ti ń gán ẹnu àpò ni mo ti sọ ọ́ jáde.

“Màmá, ẹ mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ò ṣe nǹkan kan tó burú. Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ tèmi lẹ fi ìbò yín gbà.”

Ìyá ò bínú. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi.

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi ti ń kú lọ, mo sì ń wá ẹni tí mo máa lé. Àwọn ṣọ́jà tó wà nílé, ta ló máa ní kí wọ́n wá dúró ká lè tò kúrò lẹ́yìn wọn? Ràfíù lọwọ́ mi tó.”

Mo gbé ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò, mo sì wọlé lọ di tèmi.